Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Nídìí Òwò

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Òwe yìí bá ìdúnàádúrà mu, nítorí ẹni tó mọ ohun tó ń tà kì í fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ tà á. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ àbọ̀ tó yẹ ní sísọ àti àbọ̀ tó yẹ ní fífi sílẹ̀; àlàfo yìí ni ọgbọ́n òde òní gbà wọlé. Àwọn kan ti pinnu pé ọmọlúàbí ti tán láyé, nítorí náà wọ́n ń sọ odindi, wọ́n sì ń fi èènì sí i. Àwọn mìíràn di òwe mú ṣinṣin, àmọ́ àbọ̀ tí owó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n gbé mì.

Ibi tí òwe náà ṣì ti dúró ṣánṣán ni ọjà Mile 12 ní Èkó, tí ará Ogudu yóò gba Ojota àti Ketu kó tó dé. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ńlá ti ń já tòmátì, ata àti àlùbọ́sà tó wá láti Òkè Ọya. Tòmátì tó ti Kano tàbí Kaduna wá nínú apẹ̀rẹ̀ kò ní sùúrù fún àlàyé. Bí oòrùn ṣe ń mú ni iye rẹ̀ ń wálẹ̀. Oníbàárà á kí ọlọ́jà pé ajé á wọgbá o. Ìkíni yìí kì í ṣe àsọdùn, òun ló ń jẹ́ kí ọlọ́jà gbọ́ iye tó kéré láìbínú. Lẹ́yìn èyí, ó di “Èló ni?” Ọlọ́jà dá iye, oníbàárà ná an. “Kò gbà.” “Ó dáa, èló ni jálẹ̀?” Ọlọ́jà sọ jálẹ̀, ó sì pa ẹnu mọ́. Oníbàárà á yí ẹ̀yìn padà, á fẹsẹ̀ rìn díẹ̀. Bí wọ́n bá pè é padà, ọjà ti tà. Bí wọn ò bá pè é, ó ti mọ̀ pé òótọ́ ni jálẹ̀ ọ̀hún. Hausa tí alárọ̀bọ̀ gbọ́ lè má ju “nawa” lọ, Yorùbá tí ẹni tó kó ọjà wá gbọ́ sì lè má ju iye owó lọ. Síbẹ̀ wọ́n ń parí àdéhùn.

Kì í ṣe ohùn líle ló fún oníbàárà yìí láyà. Ó mọ̀ pé ìsọ̀ mìíràn wà níwájú. Ní ọdún 1981, Roger Fisher àti William Ury gbé ìwé Getting to Yes jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣàlàyé níbẹ̀ pé agbára ẹni tó ń dúnàádúrà wà nínú ohun tó lè ṣe bí àdéhùn bá forí ṣánpọ́n. Àwọn ilé iṣẹ́ ń sanwó gọbọi kí òṣìṣẹ́ wọn lè lọ kọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní hòtẹ́ẹ̀lì, nígbà tí àwọn tó ń ṣe é lójoojúmọ́ wà ní Mile 12 pẹ̀lú àpò lọ́wọ́.

Ẹni tó ti ibi ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ dé ni yóò jókòó síwájú oníbàárà nínú ọ́fíìsì tó tutù nini. Yóò ka ìtàn ilé iṣẹ́ rẹ̀, ìran rẹ̀ àti àlá rẹ̀, yóò sì fi àwòrán gbè é lẹ́yìn lára ògiri. Nígbà tí wọ́n bá wá béèrè iye, á ní: “Mílíọ̀nù méjì ni, sà, ṣùgbọ́n a lè wò ó. Mílíọ̀nù kan àbọ̀ náà ò burú. Àní, èló ló wà lọ́wọ́ yín?” Oníbàárà kò tíì la ẹnu. Ọlọ́jà ló ná ọjà ara rẹ̀, tó sì gba ẹ̀dínwó lọ́wọ́ ara rẹ̀, nítorí pé ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kan kó o láyà jẹ. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ẹni tó ń wá ilé, tó kọ́kọ́ sọ fún ajẹ́ǹtì pé ilé náà wu òun gidigidi, àti pé ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò lé òun níbi tí òun wà. Kí ló wá kù tí yóò fi dúnàádúrà?

Ajẹ́ǹtì ní tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. “Rúùmù mẹ́ta, Ogudu GRA, mílíọ̀nù mẹ́ta.” Àbọ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìgbà tí ayálégbé bá ti ta mọ́tò tán kó lè rí owó ilé san ni àbọ̀ kejì ń yọjú: owó ágírímẹ́ǹtì, owó kọmíṣọ́ọ̀nù, owó kọ́ṣọ̀n, àti pé ọdún méjì ni onílé ń gbà. Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò gbà kí onílé béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó gbà á àti ẹni tó san án ló jọ jẹ̀bi, ìyà rẹ̀ sì jẹ́ ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Òfin náà yọ Ikoyi, Victoria Island, Apapa àti Ikeja GRA sílẹ̀. Ogudu kò sí lára wọn, bó tilẹ̀ ní GRA tirẹ̀.

Òfin kan náà ló sọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú rìsíìtì owó ilé: ọjọ́ tí owó wọlé, orúkọ onílé àti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye tí wọ́n san, àti àkókò tí owó náà wà fún. Kò sí ìtàn níbẹ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó fara pamọ́. Àbọ̀ tó yẹ kí oníṣòwò sọ nìyẹn: ohun tó ń tà, iye rẹ̀, ohun tó wà nínú iye náà, àti ọjọ́ tí yóò jíṣẹ́. Àbọ̀ tó yẹ kó fi sílẹ̀ ni ìyangàn, àwáwí, àti bí àìlówó ṣe ń dùn ún tó.

Kí oníṣòwò dá iye rẹ̀, kó sì dákẹ́ kí ẹnì kejì lè fèsì. Ẹni tó bá sì pa iye mọ́lẹ̀, tó ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ lòun ń sọ fún ọmọlúàbí, kì í ṣe òwe ló pa. Jìbìtì ló lù.