Orí Mi Ni Wọ́n Fi Ń Kọ́ Ọ̀mọ̀wé

Ẹ̀yin tí ẹ ń kí mi kú oríire ìyàwó tó fẹ́ di Ọ̀mọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra ná. Bí ẹ bá yà ní ìsọ̀ mi ní Àràrọ̀mí, ní Agodi Gate, níbi tí mo ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ẹ má bi mí pé ìgbà wo la máa jẹ ìrẹsì. Ẹ bi mí pé, "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ṣì ń rí oorun sùn?" Ìyẹn ni ìbéèrè ọmọlúàbí.

Guidance and Counselling ni Ìyá Ìbejì ń kà. N kò bá iṣẹ́ náà ṣọ̀tá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbàdàn wa níbí náà ni wọ́n ní ó ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà: lọ́dún 1959, àwọn sísítà Kátólíìkì ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, ké sí àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ pé kí wọ́n wá la àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde ìwé lójú sí iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe. Frank Parsons tó dá ọ́fíìsì irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Boston, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1908, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lòun náà ń bá àwọn ọ̀dọ́ sọ. Ọmọ kò mọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, àgbà tọ́ ọ sọ́nà, ọ̀rọ̀ parí. Ká ní wọ́n dúró síbẹ̀ ni, ilé mi ì bá tòrò. Ṣùgbọ́n àwọn alákọ̀wé kò mọ ibi tó yẹ kí ènìyàn dúró. Wọ́n kúrò lórí iṣẹ́, wọ́n wọnú ọkàn lọ. Wọ́n kúrò nínú ọkàn, wọ́n wọ pálọ̀ mi.

Ohun àkọ́kọ́ tí ìwé yìí gbà lọ́wọ́ mi ni ìjà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Tọkọtaya tó bá ti pẹ́ lọ́dọ̀ ara wọn, ìjà wọn ní adùn tirẹ̀. Ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ látorí owó ọbẹ̀, èkejì á gbé e dé orí ẹbí ọkọ, wọ́n á ka ẹ̀ṣẹ̀ àtọdúnmọ́dún, wọ́n á sùn, ilẹ̀ á mọ́. Àfi ìgbà tí Ìyá Ìbejì ka Carl Rogers, ará Amẹ́ríkà tó ní kí kánsẹ́lọ̀ máa gbọ́ ènìyàn lágbọ̀ọ́yé, kó má dá a lẹ́jọ́, kó gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀ bó ṣe wà. Láti ọjọ́ náà, kò bá mi jà mọ́. Mo wọlé lálẹ́, oúnjẹ kò sí, mo figbe ta. Ó jókòó, ó kó ọwọ́ lé itan, ó tẹjú mọ́ mi.

"Bàbá Ìbejì, ohun tí mo ń gbọ́ ni pé inú ń bí yín."

Mo ní, "Ebi ló ń pa mí!"

"Ẹ ní ebi ń pa yín. Ó jọ pé ẹ rò pé a ti pa yín tì."

"Àmàlà ni mo ń bèèrè!"

"Hùn-ún. Ẹ tún bá mi sọ sí i nípa àmàlà yẹn."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni ọkùnrin fẹ́ sọ nípa àmàlà tí kò sí nílẹ̀?

Bí Rogers ṣe ń palẹ̀ mọ́ ni Albert Ellis dé. Òun ní kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn ló ń bà á nínú jẹ́, ohun tó gbà gbọ́ nípa rẹ̀ ni. Oníbàárà kan kó ọjà lọ láwìn, kò gbé fóònù mi mọ́. Mo délé, mo ń ráhùn. Ìyàwó mi ní ta ló sọ pé ọkùnrin náà gbọ́dọ̀ sanwó? Ó ní "gbọ́dọ̀" yẹn ló ń dà mí láàmú, kí n máa sọ pé ó wù mí kó san án. Mo gbà. Nígbà tí ẹni tí èmi náà ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ dé, mo ní kó yé sọ pé mo gbọ́dọ̀ san gbèsè òun, kó sọ pé ó wu òun kí n san án. Èsì tó fún mi kò sí nínú ìwé Ellis.

Ti Fritz Perls ló wá tú mi síta. Ará Jámánì ni, Amẹ́ríkà ló ti gbayì. Òun ló sọ ọ̀nà kan di olókìkí, tí ènìyàn á kọjú sí àga òfìfo, á máa bá ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ wí bí ẹni pé onítọ̀hún jókòó síbẹ̀. Ìyá Ìbejì gbé àga kan síwájú mi, ó ní ẹ̀gbọ́n mi tó ta ilẹ̀ ẹbí láìsọ fún ẹnikẹ́ni ló wà níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ ń tijú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà gùn mí, mo dìde, mo nàka sí àga, mo ń pè é ní olè. Àṣé ìyá tó wà ní yàrá kejì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, iyọ̀ ló wá yá. Kò gba iyọ̀ náà mọ́. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ṣọ́ọ̀ṣì gbàdúrà fún mi.

Ẹ wá wo ìyà tó burú jù. Gbogbo obìnrin ló ń mú ìròyìn bọ̀ wá bá ọkọ rẹ̀. Ìyàwó tèmi ń gbọ́ àṣírí ìdajì Ìbàdàn, torí pé ó gbọ́dọ̀ gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn, kó sì tún máa ṣọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbani nímọ̀ràn. Wọ́n ní ohun tí oyè ọ̀mọ̀wé yìí wà fún nìyẹn, kó lè kọ́ àwọn tí yóò di kánsẹ́lọ̀. Ó ń rí ọkọ tó ní ilé méjì, ó ń rí ìyá ọkọ tó ń ka ẹran inú ìkòkò. Bí mo bá bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ lónìí, á ní, "Dádì, àṣírí oníbàárà ni." Ẹni tí ń sanwó iléèwé ni kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn!

Owó náà ń kọ́? Owó fọ́ọ̀mù, owó iléèwé, owó jọ́nà tí yóò gbé àròkọ rẹ̀ jáde, owó ìtẹ̀wé, nítorí gbogbo ìgbà tí súpáfáísọ̀ bá fi gègé pupa fa ìlà, a óò tún un tẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, mo ti mọ iye tí orí kejì tísíìsì ń jẹ lóru nínú jẹnẹrétọ̀. Súpáfáísọ̀ yìí, bó bá pe Ìyá Ìbejì lórí fóònù, orúnkún ló fi ń gbọ́ ọ. Mo san owó orí rẹ̀ pé, kò kúnlẹ̀ fún mi bẹ́ẹ̀ rí. Ìbéèrè kan ni bàbá náà ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé: "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Àìsàn náà ti ràn mọ́lé. Bí mo bá ní ata ti wọ́n, ìyàwó mi á ní gẹ́gẹ́ bí ta ni ṣe wí, lọ́dún wo?

Lọ́dún 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá. Fún oṣù mẹ́jọ gbáko, èmi nìkan ni oníbàárà tó kù. Nígbà tí iléèwé ṣí, wọ́n ní àwọn ìwé tó tọ́ka sí ti gbó, kó lọ wá tuntun. Ó wá a. Ìlànà tí wọ́n ń pè ní APA, tó ń pàṣẹ bí wọ́n ṣe ń to orúkọ ìwé sẹ́yìn iṣẹ́, kò tún jẹ́ á sinmi. Ẹ̀dà kẹfà ní kí wọ́n kọ orúkọ ìlú tí wọ́n ti tẹ ìwé. Ẹ̀dà keje jáde lọ́dún 2019, ó ní kí wọ́n yọ ìlú kúrò. Ìyàwó mi jókòó lóru, ó ń yọ London, ó ń yọ New York, ó ń yọ Ìbàdàn tí a ń gbé.

Nígbà tó kan ìwé ìbéèrè, àwọn mẹkáníìkì mi ló di ìwádìí. Rensis Likert ló gbé ọ̀nà ìdáhùn náà kalẹ̀ lọ́dún 1932: mo fara mọ́ ọn gan-an, mo fara mọ́ ọn, n kò fara mọ́ ọn, n kò fara mọ́ ọn rárá. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ẹni tó dáhùn ọ̀rọ̀ tààrà ní ìsọ̀. Mo bi ọmọṣẹ́ mi pé ṣé ó ti tú táyà, ó ní òun fara mọ́ ọn.

Mo wá pinnu pé èmi náà á kàwé. Mo ṣí ọ̀kan nínú àwọn ìwé rẹ̀, mo bá òfin ìwà àwọn kánsẹ́lọ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 2014. Ó kà á léèwọ̀ pé kí kánsẹ́lọ̀ gba ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ ṣe oníbàárà, bí kò bá lè fi ojú àìṣègbè wò wọ́n. Mo fò sókè! Mo gbé e lọ bá a: "Ìyá Ìbejì, orí ẹni tí òfin ní kí ẹ má fi abẹ kàn lẹ fi ń kọ́ṣẹ́ onígbàjámọ̀!" Ó wò mí tàánútàánú. Ó ní kì í ṣe ìmọ̀ràn lòun ń gbà mí, pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya lásán ni a ń sọ. Ó wá bi mí pé báwo ni ó ṣe rí lára mi nígbà tí mo ka òfin náà.

Mo ti wo ojú ewé ìdúpẹ́ tó kọ sílẹ̀. Ọlọ́run ló ṣáájú, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Súpáfáísọ̀ ló tẹ̀ lé E. Olórí ẹ̀ka, àwọn olùkọ́, ẹni tó bá a ṣe ìṣirò, ẹni tó bá a tẹ̀ ẹ́, gbogbo wọn ti kọjá kí ó tó kan "ọkọ mi, fún sùúrù rẹ̀." Sùúrù! Jẹnẹrétọ̀ tí mo ra ń kọ́?

Nígbà tí Ìyá Ìbejì ka ẹ̀dùn ọkàn yìí, ojú rẹ̀ tàn. Ó ní òun lè lò ó nínú àròkọ kan lórí ìdílé àwọn tó ń kàwé ọ̀mọ̀wé, ó sì gbé fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda wá kí n fọwọ́ sí i. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo lè yọwọ́ nígbàkígbà tó bá wù mí, láìsí ìyà kankan. Mo bi í bóyá ìyẹn kan ìgbéyàwó. Kò dáhùn, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Mo buwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti bèèrè ipò mi nínú ìwádìí náà, mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́: AṢONÍGBỌ̀WỌ́.