Ẹ Má Tíì Sin Bíà Náà

Nínú gbogbo ẹ̀sùn tí àwa tí à ń pọn bíà nílé fi ń kan ọtí wa, kò sí èyí tó wọ́pọ̀ tó pé "ó ti dákẹ́." A ra kíìtì, a ṣí agolo oje bálì tó ki, a dà á sínú báàkẹ́ẹ̀tì, a po ṣúgà kílò kan mọ́ ọn, a bu omi sí i títí ó fi pé lítà 23, a wọ́n yíìsì lé e lórí, a dé e pa. Fún ọjọ́ méjì, afẹ́fẹ́ ń ta pọ́ọ́kú nínú omi ẹ́álọ́ọ̀kì tó wà lórí ìdérí. Lọ́jọ́ kẹta, ó pa lọ́lọ́. Ibẹ̀ ni ìwà wa ti ń hàn, n kò sì yọ ara mi sílẹ̀. Àgbàlagbà tó níyì láàárín ẹgbẹ́ á kúnlẹ̀ nílé ìdáná, á gbé etí lé ike, á máa gbọ́ bóyá nǹkan ṣì ń mí. Ní Ìlú Ọba, ìwé àṣẹ ìjọba lèèyàn fi ń pọn bíà nílé títí di 1963 tí Reginald Maudling, mínísítà ètò ìnáwó, fagi lé e. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń bi wá léèrè ohun tí à ń ṣe nínú báàkẹ́ẹ̀tì, ó sì hàn nínú ìṣe wa. Èrò tèmi ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, ọtí tí a ní ó dákẹ́ kò dákẹ́, bó bá sì dákẹ́ lóòótọ́, ọwọ́ wa ló pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ẹlẹ́rìí wa yẹ̀ wò. Ẹ́álọ́ọ̀kì kì í wọn nǹkan kan. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lásán ni. Bí ìdérí kò bá dé dáadáa lápá kan, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yóò gbà lọ, ọtí á máa ṣiṣẹ́ nínú lọ́hùn-ún, a ò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Bí yàrá bá sì móoru sí i, afẹ́fẹ́ tó ti wà nínú ọtí tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta pọ́ọ́kú, bẹ́ẹ̀ yíìsì ti parí iṣẹ́ tipẹ́. Háídírómítà ni ẹlẹ́rìí tòótọ́: ọ̀pá gíláàsì tó ń léfòó sókè nígbà tí ṣúgà pọ̀, tó sì ń rì díẹ̀díẹ̀ bí ṣúgà ti ń di álíkọ́ọ̀lù. Lórí háídírómítà, bíà kíìtì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1.040, á sì parí ní àyíká 1.010. Síbẹ̀, a lè da òun náà rú. Ìhó kéékèèké tó bá lẹ̀ mọ́ ọn lára á gbé e sókè, àfi kéèyàn fi ọwọ́ yí i kí wọ́n lè já dànù. Ìwọ̀n 20°C ni wọ́n sì ṣe púpọ̀ nínú wọn fún. Ẹni tó bá fi wọn ọtí gbígbóná, irọ́ ló ń kà. Ti ẹni tó ra rẹ̀firakítómítà, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn ṣúgà, nítorí pé ó rẹwà lọ́wọ́ tún yàtọ̀: álíkọ́ọ̀lù máa ń jẹ́ kó ka iye tó ga ju bó ti yẹ lọ, ẹ̀rù á sì máa ba olówó ẹ̀rọ lásán.

Ẹnìkan á ní, "Mo fi háídírómítà wọ̀n ọ́n, mo tún un wọ̀n lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, 1.020 náà ló ṣì wà. Ṣé irọ́ nìyẹn náà?" Rárá o. Ibi tí bíà olóje bálì fẹ́ràn láti dúró sí gan-an nìyẹn, àdánù rẹ̀ kò sì kéré: bíà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1.042 tó dúró ní 1.020, álíkọ́ọ̀lù inú rẹ̀ kò ní pé ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ká ní ó dé 1.010 ni, ì bá lé ní mẹ́rin. Àmọ́ ta ló fà á? Ìgbà òtútù ni, a pa ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná lóru kí owó iná má bàa ga, báàkẹ́ẹ̀tì jókòó sórí ilẹ̀ ilé ìdáná. Yíìsì tó fẹ́ 18 sí 24°C bá ara rẹ̀ ní 13, ó sùn, ó rì sí ìsàlẹ̀. Tàbí kí ìkánjú mú ká da yíìsì sí omi tó ṣì gbóná ju 40 lọ. Tàbí kí yíìsì tó wà lábẹ́ ìdérí agolo ti pẹ́ lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù tó móoru, ká má sì wo déètì rẹ̀. Tàbí ká má po omi náà dáadáa níbẹ̀rẹ̀ kí ọ́síjìn lè wọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni yíìsì nílò láti fi pọ̀ sí i. Lọ́dún 1871 tí Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, yà sí ilé ìpọntí Whitbread ní Lọ́ńdọ̀nù, yíìsì ló fi máíkírósíkópù wò, ó sì fi àbùkù tó wà nínú rẹ̀ hàn wọ́n. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ pé ó gbé etí lé àgbá. Oje bálì dúdú tún ní ṣúgà tí yíìsì kò lè jẹ rárá, nítorí náà 1.016 lè jẹ́ òpin irú bíà bẹ́ẹ̀ láìṣẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní yíìsì kò wọ́n, kí ló dé tí a kò kàn ní da òmíràn sí i? Yíìsì gbígbẹ tí a jù sínú álíkọ́ọ̀lù, níbi tí ọ́síjìn ti tán, tí ṣúgà tó rọrùn láti jẹ sì ti tán pẹ̀lú, kì í sábà rí nǹkan ṣe. Ẹ kọ́kọ́ gbé báàkẹ́ẹ̀tì lọ síbi tó móoru dé 20 tàbí 22°C, ẹ fi ṣíbí tí ẹ ti fi oògùn apakòkòrò fọ̀ yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìyẹn nìkan sábà máa ń tó. Bí kò bá tó, ẹ po yíìsì tuntun nínú omi oje bálì díẹ̀ tí ẹ ti sè tó sì ti tutù, ẹ dúró kó hó dáadáa, kí ẹ dà á sí i bó ti ń hó lọ́wọ́. Mo ní ìdí tí mo fi sọ pé jẹ́jẹ́: àwọn kan nínú wa a máa fi ẹ̀rọ ìpokéèkì lu ọtí náà, ọ́síjìn á wọlé nígbà tí kò wúlò mọ́, bíà á sì máa run páálí tí òjò pa. Àwọn kan á da ṣúgà sí i, wọ́n ní ebi ló ń pa á. Yíìsì á jẹ tuntun, á fi ti àtijọ́ sílẹ̀ níbi tó wà. Ẹni tó sì ń ṣí ìdérí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ dà bí ẹni tó ń ṣí ìkòkò ìrẹsì wò ṣáá, tó tún ń bínú pé kò tètè jinná.

Wọ́n á tún ní ìdúró pẹ́ máa ń ba ọtí jẹ́, àti pé ara agolo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ọ̀sẹ̀ kan ti tó. Ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yíìsì kò ṣe báàkẹ́ẹ̀tì bíà kan ní nǹkan kan, bí ìdérí bá ṣáà dé. Ohun tó léwu ni ká rọ ọtí tí kò tíì parí iṣẹ́ sínú ìgò. Yíìsì tó sùn ní 1.020 á jí nínú ìgò lọ́jọ́ tí yàrá bá móoru, á bá ṣúgà tó ṣẹ́kù àti èyí tí a fi kún un, afẹ́fẹ́ kò ní ríbi gbà jáde, ìgò á sì bẹ́ pẹ̀lú àfọ́kù tó lè fọ́ni lójú. Nítorí náà, kí háídírómítà ka iye kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ méjì síra, kí iye náà sì bá irú bíà náà mu, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọmọrí ìgò. Ẹni tí kò bá lè dúró, kó rọ ọ́ sínú ìgò oníke: èèyàn lè máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, bó bá sì le gan-gan, kó tú ọmọrí rẹ̀ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde.