Ifá Kì í Fúnni ní Ṣéńjì

Ẹnu ara mi ni mo fẹ́ fi sọ ọ́, kó tó di ohun tí wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ káàkiri Lágeré n'Ifẹ̀.

Àlejò kan ló wá bá mi láti Bahia ní Brazil. Ọmọ òrìṣà ni obìnrin náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Ó ti fẹsẹ̀ rin ọ̀nà ìrìn-àjò ẹ̀sìn ti Santiago ní Sípéènì rí, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800 kìlómítà bí èèyàn bá gbéra láti bodè Faransé. Ó ní òun kò ní gun ọ̀kadà, òun kò ní wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ẹsẹ̀ lòun máa fi dé gbogbo ojúbọ n'Ifẹ̀. Mo ní kò burú, ṣebí ọmọ Ifẹ̀ ni mí. Ohun tí n kò sọ fún un ni pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, àti pé ìyá alákàrà kan ló jẹ́ kí n mọ ọ̀nà Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn.

Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Èló ni a máa ń fún wọn?" Ó ní lọ́nà Santiago, àwọn ilé ìsùn kan wà tí kì í dá iye lé èèyàn. Àpótí ni wọ́n gbé síbẹ̀. Ohun tí agbára rẹ bá ká ni wàá sọ sínú rẹ̀, kò sí ẹni tó ń wo ọwọ́ rẹ. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, kó kó owó náà fún mi, èmi ni n ó máa ná an fún wa.

Ní ìdí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, kò sí wàhálà. Ọkùnrin tó mú wa yípo òkúta náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó sọ bó ṣe ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 18, ó fi àwọn ìṣó irin tí wọ́n gbá mọ́ ọn lára hàn wá, ó ní ká fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Mo fún un ní ₦2,000, ó fọwọ́ méjèèjì gbà á. Ibi kejì, tí n kò ní dárúkọ, ni ọ̀rọ̀ ti dójú rú. Ẹni tó ṣí géètì ní òun ṣí géètì. Ẹni tó fi fóònù tiwa ya wá ní fọ́tò ní òun ya fọ́tò. Ẹnì kẹta kò ṣe nǹkan kan, ó kàn ń bá wa rẹ́rìn-ín, òun náà wá tẹ́wọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú wíkẹ́ńdì o!" Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni.

Mi ò fi ṣeré, inú bí mi. Mo mọ̀ pé ìlú le, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọkọ̀ òfuurufú la òkun kọjá torí kó lè fojú kan ilé Odùduwà, ṣé ìkíni la ó máa fi gbowó lọ́wọ́ rẹ̀? Bí ibẹ̀ bá lówó, ẹ kọ ọ́ sára pátákó, a ó san án. Kí ni pátákó kan ń ná wa?

Ìbínú yẹn ni mo fi búra nínú ara mi pé ẹnikẹ́ni kò ní gbà ju ₦500 lọ lọ́wọ́ mi mọ́ lọ́jọ́ náà.

Báyìí la dé ọ̀dọ̀ bàbá kan, babaláwo, ní àgbàlá kan tí kò jìnnà sí Òkè Ìtasẹ̀. Bàbá jókòó sórí ẹní, àwọn ọmọ awo méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn obìnrin bíi mélòó kan sì ń retí kó kàn wọ́n. Ọ̀kan fi ìborùn bo orí títí dé imú. Àlejò mi kúnlẹ̀, ó júbà, ó gba ₦500 lọ́wọ́ mi, ó gbé e sún mọ́ ẹnu. Ètè rẹ̀ ló ń mì, èmi tí mo wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbé e kalẹ̀. Ìgbà tó yá, ó kàn mí.

₦500 ti tán lápò mi. Mo fa ₦1,000 yọ, mo nà án sí bàbá: "Ẹ fi ra obì, bàbá." Bàbá kò gbà á. Ó ní, "Sọ̀rọ̀ sí i."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi àríyá ni mo ti mọ sísọ̀rọ̀ sí owó. Mo dìde dúró, mo ha ọ̀fun: "Ẹgbẹ̀rún kan náírà rèé, láti ọwọ́ èmi àti ìdílé mi, pẹ̀lú àdúrà pé..." Àwọn ọmọ awo dojú kọ ògiri, èjìká wọn ń gbọ̀n. Àlejò mi ló fà mí láṣọ pé kí n jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe jẹ́, torí mo ti mọ̀ ọ́n wàyí. Ẹni tó wá dá Ifá kì í ro ẹjọ́ fún babaláwo. Owó ló máa rò ó fún, ní wúyẹ́wúyẹ́, á sì gbé e kalẹ̀. Bàbá á fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ kan owó náà, á jù ú sílẹ̀. Èso 8 ló wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dé. Bó ṣe bọ́ sílẹ̀ ló ń sọ Odù tó jáde nínú 256, tí 16 jẹ́ àgbà láàárín wọn. Bàbá á wá máa ki ẹsẹ Odù náà títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi gbọ́ èyí tó bá ọ̀rọ̀ rẹ mu. Owó yẹn ló gbé ẹjọ́ rẹ. Bascom, ará Amẹ́ríkà, wá sí Ifẹ̀ yìí ní 1937 láti kọ́ nípa Ifá, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1969. UNESCO kéde Ifá fún gbogbo ayé ní 2005. Ọmọ Ifẹ̀ kan wà ńlẹ̀ ní tirẹ̀ tó ń fi owó ìdáfá ṣe alága àríyá.

Mo jókòó, mo gbé owó sẹ́nu, mo ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Báàsì ni mò ń kọ nínú kọ́áyà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wúyẹ́wúyẹ́ tèmi dé ìta. Mo ní, "Owó ilé oṣù méje wà lọ́rùn mi. Ṣé kí n bẹ̀bẹ̀ ni, àbí kí n kó jáde lóru?" Mo gbé owó sílẹ̀. Bàbá fa ọ̀pẹ̀lẹ̀ mọ́ra. Ìgbà náà ni mo rántí ìbúra mi.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ ní ₦500 ṣéńjì?"

Bàbá gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ kalẹ̀. Ó wò mí. Ó ní, "Ìdajì ọ̀rọ̀ wo lo fẹ́ kí Ifá má dáhùn?"

Kí n tó rí èsì fọ̀, obìnrin tó bo imú tú ìborùn. Ìyá onílé mi ni, àwa méjèèjì la jọ ń kọrin nínú kọ́áyà! Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní ṣéńjì rẹ̀. Kí Ifá yọ ti òru yẹn kúrò." Gbogbo ilé tú sẹ́rìn-ín, bàbá alára nu omi ojú. Ohun tó gbé ìyá wá síbẹ̀, n kò bi í, kò sì sọ.

Ohun tí Ifá sọ kò kàn yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá dárúkọ ẹbọ, tí mo tún fẹ́ ná an lówó, àlejò mi ní kí n gbé ẹnu mi dákẹ́. Ó bi ọmọ awo ní iye tí wọ́n ń ta obì, epo àti àkùkọ lọ́jà, ó ka owó rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó yọ ìgò ọtí kan nínú báàgì rẹ̀ fún bàbá. Nígbà tí a ń jáde, ó fún ọmọ awo tó jíṣẹ́ fún wa ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì kí i. Ará Bahia ló ń ṣe gbogbo èyí. Èmi ni mo ń gbé báàgì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá ṣe Ọlọ́jọ́, ẹ bá àwọn oní-POS ṣẹ́ owó yín kí ẹ tó wọ àgbàlá ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí àwọn ojúbọ wa wà níkàáwọ́ yín, ẹ bá wa gbé pátákó síbẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ yàrá kan tó ṣófo n'Ifẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè wá mi kàn: ìparí oṣù yìí ni ìyá ní kí n kó jáde, ọ̀sán gangan ló sì ní kí n kó o.