Owó Ìwọlé Kò Wọ́n, Owó Ìjáde Ni Kí Ẹ Béèrè

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa kan ní Ṣàgámù ń dìbò lórí Wásáàpù: níbo ni kí wọ́n ti lọ gbafẹ́ nígbà ìsinmi Àjíǹde, Yankari ni tàbí ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé? Alága ní kí ẹnikẹ́ni má fi òṣèlú bọ̀ ọ́. Akápò ní ẹni tó bá ń lọ kó tètè san àsansílẹ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ tán, n kò rí ẹni tó béèrè ohun tó yẹ kí ọmọ èèyàn kọ́kọ́ béèrè: èló ni owó ìjáde?

Níbi tí nǹkan ti gún, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gbowó ọgbà ẹranko, ó parí. Tiwa kò parí síbẹ̀. Owó ìwọlé ni ẹ óò san fún ìjọba. Ti ìjáde, ẹbí yín ni yóò bá àwọn onígbó dúnàádúrà rẹ̀ lórí fóònù, ẹ óò sì máa gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ṣe ń ná yín bí ẹni ń ná ẹja lọ́jà Fálàwọ̀. Bí wọ́n bá ti fẹnu kò, wọ́n á ní ó ku káàdì ìpè, ó ku sìgá, ó ku ọ̀kadà tuntun méjì, ó ku ìrẹsì sísè, kí ẹran sì pọ̀ níbẹ̀.

Ṣé ẹgbẹ́ ní ẹ̀yáwó fún irú èyí? Fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó wa ń béèrè onídùúró méjì àti ìfọwọ́sí ẹni tó ń yáwó. Ta ni yóò gbé fọ́ọ̀mù lọ bá a nínú igbó? Èlé ńkọ́, ọjọ́ tí wọ́n gbé e ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ ni, àbí ọjọ́ tó bá délé? Bí àwọn ajínigbé bá sì gba owó tán tí wọn kò dá a sílẹ̀, ta ni ẹgbẹ́ máa dá sísan padà lé lórí? Kí alága dáhùn èyí kí ìdìbò tó máa lọ.

Ẹ má ṣe sọ pé mo ń ṣe àsọdùn. Ní oṣù Kẹjọ 2025, Nuhu Ribadu, olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò, kéde pé ọwọ́ ti tẹ olórí ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí Ansaru méjì. Ọ̀kan nínú wọn, Mahmud, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ló fi igbó Kainji ṣe ilé, ọgbà ẹranko tó jẹ́ àkọ́kọ́ fún ìjọba àpapọ̀. Méje ni ọgbà tí ìjọba àpapọ̀ ní tẹ́lẹ̀. Lábẹ́ Buhari ni wọ́n fọwọ́ sí mẹ́wàá mìíràn. Alawa, ní ìpínlẹ̀ Niger, wà lára wọn. Ní 2024, ológun kó kúrò ní Alawa, àwọn ará ìlú sì di ẹrù wọn lé orí, wọ́n tẹ̀ lé wọn. Ibi tí oníbọn ìjọba kò lè sùn, ibẹ̀ ni kí èmi gbé kúlà lọ.

Àwọn tó ń dìbò fún Yankari ní erin pọ̀ níbẹ̀, omi Wikki sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ tọ̀sán tòru, ọ̀bọ á sì wá já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ yín. Ó dáa. Láti Ṣàgámù dé Bauchi, bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà ni, ẹ sì mọ ọ̀nà tó wà láàárín. Láti 2006 pàápàá ni ìjọba àpapọ̀ ti dá Yankari padà fún ìpínlẹ̀ Bauchi. Ọ̀bọ ìpínlẹ̀ ni yóò jẹ mọ́ínmọ́ín yín.

Àwọn ti Ọ̀yọ́-Ilé ní tiwa ni, kò sì jìnnà. Ẹ̀yin ọmọ Oòduà, ní nǹkan bí 1836 tí ogun Ìlọrin le, àwọn tó nilé gan-an sá kúrò níbẹ̀. Aláàfin Àtìbà jókòó sí Àgọ́ Ọ̀jà, Ọ̀yọ́ òde òní, kò sì sí Aláàfin tó padà lọ gbé Ọ̀yọ́-Ilé títí dòní. Kódà, olú ilé iṣẹ́ ọgbà náà, inú ìgboro Ọ̀yọ́ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Àwa Rẹ́mọ ńkọ́? Ní 1872, ìlú mẹ́tàlá kó ara wọn jọ sí Ṣàgámù kí ogun má baà kó wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbẹ̀rù ló tẹ ìlú wa dó. Ibi tí baba onílé sá fún, ọmọ àlejò ń san àsansílẹ̀ láti lọ síbẹ̀.

Kí n fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ ná. Ní oṣù Kínní 2026, àwọn agbébọn wọ ọ́fíìsì ọgbà Ọ̀yọ́-Ilé yìí kan náà ní Olóka, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire, lálẹ́, wọ́n sì pa ẹ̀ṣọ́ márùn-ún. Àwọn èèyàn yìí níyàwó, wọ́n lọ́mọ. Wọ́n ń ṣọ́ igbó fún ìjọba tí kò ṣọ́ wọn. Àwọn olóyè ìjọba bá wọn kẹ́dùn, wọ́n ní àwọn yóò wá àwọn apànìyàn náà rí, wọ́n wọ mọ́tò onígíláàsì dúdú, wọ́n lọ. Ẹ̀ṣọ́ mélòó ló wà lẹ́yìn mọ́tò gómìnà kan ṣoṣo? Ẹ kà wọ́n, kí ẹ wá sọ fún mi ohun tó jọ lójú yín.

Erin sì wà nítòsí wa níbí o, ní igbó J4, lọ́nà Benin, ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà. Àwọn agégẹdú ń gé òrùlé kúrò lórí wọn lójoojúmọ́. Kò sí ẹgbẹ́ tó dìbò lórí ìyẹn.

Wọ́n ní ankara ìrìn-àjò ti dé. Mo ti ń pariwo rẹ̀ tipẹ́ pé ankara ni yóò sọ Rẹ́mọ di onígbèsè. Oyè, ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ, ankara! Ní báyìí, ti wíwo erin náà ní tirẹ̀. Àwọ̀ ewé ni wọ́n mú, wọ́n ní kó lè bá igbó mu. Bí ológun bá wá wá wọn, kí ni yóò rí?