Wọ́n Ní Ilé Ni O!

Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Awẹ́ dáadáa ti gbọ́, ẹni tí kò bá sì tíì gbọ́, kó bi ẹni tó jókòó tì í. Mi ò ní dárúkọ ọmọ náà, mi ò sì ní sọ agboolé tó ti jáde, torí àwọn èèyàn rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Bàbá rẹ̀, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, ìpìlẹ̀ ilé oníyàrá mẹ́fà ló fi sílẹ̀ kó tó kú. Koríko ti bò ó, ewúrẹ́ ń jẹ̀ níbi tí pálọ̀ ì bá wà. Gbogbo wa ló ń retí pé lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹnuure fún ọmọ yìí, yóò kó búlọ́ọ̀kù lé e. Àfi bí tírélà ṣe wọ̀lú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kọ̀ńténà ló gbé lẹ́yìn.

A rò pé ọjà ni. Àwọn tó ń ta ọ̀pẹ òyìnbó àti ọsàn ní Fìdítì, tí wọ́n rí i nígbà tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, àwọn náà rò pé ọjà ni. Kí ni kọ̀ńténà tún ń gbé? Àwọn aláròóbọ̀ tiwa ti ń béèrè bóyá ìrẹsì ni àbí aṣọ bọ́síkọ́rọ̀. Wọ́n fi kírénì gbé e sọ̀ kalẹ̀ sórí ìpìlẹ̀ bàbá rẹ̀, wọ́n ṣílẹ̀kùn, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Òfìfo! Ọmọ náà wá dúró níwájú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ o, mo ti kọ́lé."

Háà! Ilé!

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ọ̀hún ṣe tó. Ẹsẹ̀ bàtà 20 ní gígùn, 8 ní fífẹ̀, 8 àbọ̀ ní gíga. Èyí tó kéré nìyẹn. Kọ̀ńténà tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 40 wà, kò tiẹ̀ ra ìyẹn. Láti 1956 tí Malcolm McLean, ará Amẹ́ríkà, ti kó kọ̀ńténà 58 sórí ọkọ̀ ojú omi Ideal-X láti Newark lọ sí Houston, ẹrù ni wọ́n ń dì sínú nǹkan yìí. Ẹrù! Ọmọ tí mo jẹ oyin àti àádùn ìkómọ rẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ibi ẹrù, tó tún fa ìyàwó lọ́wọ́ wọlé tẹ̀ lé e. Ìyàwó tó kàwé o.

Àwọn tó mọ̀wé lójú ní kí n má pariwo. Wọ́n ní lọ́dún 2006, wọ́n to irú rẹ̀ tó 1,000 léra wọn ní Keetwonen, ní ìlú Amsterdam, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àti pé nílé wa níbí, ilé iṣẹ́ Tempohousing l'Ékòó ń fi kọ̀ńténà ṣe ọ́fíìsì àti ilé fún ẹni tó bá fẹ́. Ó dáa. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ìyá ọkọ a máa wá bá akẹ́kọ̀ọ́ wẹ ọmọ jòjòló ní Amsterdam ni?

Torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti dun èèyàn. Ti owó kọ́ ni mo ń wí. Gbogbo wa la mọ iye tí simẹ́ǹtì ń jẹ́, ẹni tí kò bá lówó ilé ńlá, kó kọ́ kékeré, ta ló máa bú u? Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ilé yìí, àyè tọkọtìyàwó nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ìyàwó bímọ, ìyá ọkọ di ẹrù rẹ̀ bí ó ti yẹ: ọṣẹ dúdú, kànrìnkàn tuntun, òrí, àdí àgbọn. Ó dé, inú rẹ̀ ń dùn. Ó wọlé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó béèrè pé níbo ni kí òun gbé báàgì òun sí. Bẹ́ẹ̀dì wọn, ara ògiri ló ń dì mọ́, alẹ́ ni wọ́n tó ń fà á wá sílẹ̀. Tó bá sì ti wà nílẹ̀, èèyàn ò lè ṣí kọ́bọ́ọ̀dù mọ́.

"Mọ̀ọ́mi," ni ọmọ wí, "ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, mo ti bá yín gba yàrá."

Ó gba yàrá! Fún ìyá tó bí i! Ní Awẹ́, níbi tí wọ́n ti fẹ́ obìnrin náà sílé! Láàárọ̀ kùtù, màmá á dìde láti ilé onílé, á rìn wá wẹ ọmọ, tí ilẹ̀ bá sì ṣú, á padà síbẹ̀. Ó ní kò dun òun. Ẹnu ló fi sọ bẹ́ẹ̀, mo rí ojú rẹ̀. Wọ́n tún ní (mi ò sí níbẹ̀ o) pé ìyàwó náà sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ìdí tí ilé ọ̀hún fi wu òun láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣé ẹ gbọ́? Ilé tí wọ́n fi ọgbọ́n kọ́ kí ẹbí má baà rí ibi fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀!

Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. A wo ilé lọ́jọ́ ìkómọ, kọ̀ńténà la rí. Abẹ́ kánópì níta ni gbogbo ètò ti wáyé, orí òkúta ìpìlẹ̀ sì ni àwọn àna jókòó sí. Olórí ẹbí ò lè mú un mọ́ra. Ó pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní inú ilé ni wọ́n sin bàbá bàbá rẹ̀ sí. "Ìwọ ńkọ́? Nínú irin yìí, níbo la ó ti rí ilẹ̀ gbẹ́?"

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ láàyè ná."

Ṣíọ̀! Kí ọmọ máa dọ̀bálẹ̀, kó tún máa fún àgbà lésì! Nígbà tí wọ́n bá a wí títí, ló bá fi òwe gbèjà ara rẹ̀, ó ní yàrá kótópó gba ogún ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ o! Kò sọ ẹbí.

Ìyá àgbà kan tó wà láàárín wa ló fẹ́ bọ́ wa láṣọ lójú àlejò. Ó ní àbà tí a gbé ní oko ńkọ́, ṣé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni? Ó ní yàrá tí wọ́n bí olórí ẹbí fúnra rẹ̀ sí, tí géńdé méjì bá sùn níbẹ̀, ìkẹta á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òótọ́ ni màmá sọ, mi ò jiyàn. Àwọn bàbá wa ní ilé nílùú, wọ́n ní ahéré lóko, inú ahéré ni wọ́n sì ń wà fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Ṣùgbọ́n kí màmá parí ọ̀rọ̀ náà. Àlejò tó bá já lu àbà lálẹ́, ẹní ni wọ́n ń tẹ́ fún un. Ta ló gba yàrá fún ìyá rẹ̀ láti àbà rí?

Èmi náà lọ wò ó. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Abọ́ tí wọ́n fi gbé mọ́ínmọ́ín ìkómọ wá fún wa ni mo lọ dá padà. Mo kàn jẹ́ kí oòrùn mú gangan kí n tó lọ ni, kí n lè rí bí irin yẹn ṣe ń sè wọ́n. Kò sè wọ́n. Wọ́n ti gbé páànù lé e lórí, wọ́n gbé e ga sí irin díẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa gba àárín kọjá. Nínú, wọ́n to fóòmù mọ́ ara irin, wọ́n fi pákó bò ó. Wẹ́dà kan láti Ọ̀yọ́ gé fèrèsé sí i lọ́tùn-ún lósì, atẹ́gùn ń gba ìhín wọlé, ó ń gba ọ̀hún jáde. Pákó ni ilẹ̀ kọ̀ńténà máa ń jẹ́ láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ọmọ náà ní oògùn kòkòrò ni wọ́n máa ń fi rẹ pákó ọ̀hún, torí náà òun ti hú u dànù kí wọ́n tó bímọ, òun fi tuntun síbẹ̀. Gáàsì wà níta, sólà wà lórí páànù, ilé ìgbẹ́ wọn ń dán ju àwo tí mo gbé lọ́wọ́ lọ. Mo wá ibi tí n ó ti bú u, mi ò tètè rí i.

Àfi àga. Àga méjì péré ló wà níbẹ̀! Ọmọ wà nínú apẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀kan, aṣọ ọmọ wà lórí èkejì. Ìyàwó gba abọ́, ó kúnlẹ̀ dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó wá ní, "Ẹ ṣeun mà, ẹ bá wa kí wọn nílé." Omi lásán ò tíì kàn mí lẹ́nu!

Òkè òkun ni wọ́n ti kọ́ ìwà ilé kótópó yìí wá. Ní Amẹ́ríkà, Jay Shafer kọ́ ilé kótópó tirẹ̀ ní Iowa lọ́dún 1999. Òfin ní ilé tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ilé, ló bá fi táyà sí i nídìí, ó sọ ọ́ di ọkọ̀. Ẹ wo ọgbọ́n àrékérekè! Nígbà tí ọrọ̀ ajé wọn dojú dé ní 2008, tí báńkì ń gba ilé lọ́wọ́ àwọn onílé, ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Ìgbà tó fi máa di 2018, abala kan ti wọ ìwé àwòṣe òfin ìkọ́lé wọn fún ilé tí àyè ilẹ̀ rẹ̀ kò bá ju ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 400 lọ. Tiwa ní Awẹ́ ò tó ìdajì ìyẹn. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ kọ́ nǹkan kan, inú ọkọ̀ ni wọ́n ń sùn. Láti 1951 ni Westfalia ní Jámánì ti ń to bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù sínú bọ́ọ̀sì Volkswagen, ìran kan náà pẹ̀lú dánfó àtijọ́ tí a fi ń há ara wa mọ́ra l'Ékòó! Fíìmù Nomadland tó gba Oscar ní 2021, opó àgbàlagbà ló ń gbé inú ọkọ̀ níbẹ̀, inú ike ló ń yàgbẹ́ sí. Àwọn èèyàn jókòó wò ó, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fún un lẹ́bùn. Wọ́n ní ẹnìkan ní Ìlọrà ti ń dúnàá-dúrà bọ́ọ̀sì àlòkù báyìí. Mi ò rí i o, mo gbọ́ ni.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kù. Olórí ẹbí tó ń béèrè ibi tí wọn ó sin ọmọ náà sí, wọ́n rí àkọ́bí rẹ̀ lọ́dọ̀ wẹ́dà yẹn l'Ọ́yọ̀ọ́, téèpù ìwọnlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tó pòṣé jù wá lọ lọ́jọ́ ìkómọ, òun ti ń béèrè bóyá èèyàn lè dá ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40 sí méjì, kí ayálégbé wọ apá kan. Wẹ́dà ní kí ẹni tó bá ṣe tán kọ orúkọ sílẹ̀, kó san àsansílẹ̀. Mo rí ìwé náà. Ó ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì ni, mi ò tú u. Orúkọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, mo sì ti sọ méjì fún yín. Ẹ̀kẹta, ọkọ mi ní mi ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní kí ló kàn án nínú ẹ̀. Kò dá mi lóhùn.