Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Gba Ìbò

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí yé ìjọba Ìlú Ọba ju àwọn tó pa á lọ: ẹni tí wọn kò bá rílé rẹ̀, orúkọ rẹ̀ a di àwátì.

Ká má parọ́ mọ́ wọn. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2000 fàyè gba aláìnílé láti forúkọ sílẹ̀ fún ìbò. Yóò buwọ́ lu ìwé pé àdúgbò báyìí lòun máa ń wà, ìbáà ṣe orí bẹ́ǹṣì inú ọgbà ìgbafẹ́. Lẹ́yìn oṣù 12, ìwé náà a kú, yóò tún un kọ. Ọmọ Nàìjíríà tó ní àṣẹ ìgbélùú náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i, torí ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ni. Ọmọ Yorùbá tí onílé lé jáde ní Peckham, ní London, lè fi bẹ́ǹṣì ṣe àdírẹ́sì. A pàtẹ́wọ́.

Ọwọ́ wa ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tí Òfin Ìdìbò ti ọdún 2022 fi dé. Láti oṣù Karùn-ún 2023, ẹni tó bá wá sí ibùdó ìdìbò ní England gbọ́dọ̀ mú ìwé ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò dání. Láísẹ́ǹsì awakọ̀ dára. Mọ́tò wo wá ni ẹni tó ń sùn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ń wà? Oyster, káàdì ọkọ̀ London, ti ẹni ọgọ́ta ọdún ṣètẹ́wọ́gbà. Ti akẹ́kọ̀ọ́, fọ́tò inú rẹ̀ kò ràn án. Àṣé ewú orí ni wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀!

Wọ́n ní ìwé ìdánimọ̀ òǹdìbò wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́. Kí ẹni tí wọ́n jí báàgì rẹ̀ lójú oorun sáà ti wá fọ́tò, kó wá nọ́ńbà National Insurance tàbí ìwé mìíràn tí yóò rọ́pò rẹ̀, kó sì ṣe gbogbo rẹ̀ kó tó ku ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà sí ìbò. Ní 2023, nǹkan bí 14,000 èèyàn ni wọ́n dá padà tí wọn kò sì dìbò mọ́. Ẹni tó mọ̀ pé òun ò ní káàdì, tó fìdí mọ́lẹ̀, kò sí nínú ìṣirò yẹn.

Wọ́n ní nítorí olè tó ń fi orúkọ olórúkọ dìbò ni àwọn fi ṣe òfin náà. Ta ni yóò jí orúkọ ẹni tí ìjọba pàápàá kò dá mọ̀?

Ọmọ tí wọ́n bí sójú ọ̀nà láyé àtijọ́, Abíọ́nà ni wọ́n sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò ní kó kọ́lé ná. Irú rẹ̀ ṣì ṣeé ṣe lónìí: ní Kánádà, ẹni tí kò ní ìwé ìdánimọ̀ lè mú òǹdìbò ibùdó kan náà tó mọ̀ ọ́n wá jẹ́rìí sí i.

Àwọn tí a ń dìbò yàn ni yóò sọ iye ilé tí ìjọba yóò kọ́. Ẹni tí ọ̀ràn ilé ń dùn jù lọ ni òfin wá ń ní kó fìdí ara rẹ̀ múlẹ̀ ná, kó tó lè dá sí i.