Ẹni Tí Yóò Yó Yóò Yó, Fótò Ńkọ́?

Àwọn àgbà ní bí a gún iyán nínú ewé, bí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó, yóò yó. Òwe náà dùn létí. Àmọ́ n kò tíì rí ará Èkìtì kan tó dán an wò. Ẹ gbé ewé síwájú ìyá Adó kan pé kó gún iyán sínú rẹ̀, ẹ ó gbọ́ èsì tó yẹ yín. Odó gbọdọ̀ jinlẹ̀, ọmọ odó gbọdọ̀ wúwo, kókó ẹyọ kan kò sì gbọdọ̀ sí nínú iyán. A kì í fi ọ̀rọ̀ iyán ṣeré níbí.

Àfi tó bá kan káàdì rídà, ohun tí a fi ń kó fótò láti inú káàdì kámẹ́rà sínú kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń rántí òwe.

Ẹ lọ sí Fájuyì ní Adó-Èkìtì lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí àwọn ayàwòrán bá ń múra òde Àbámẹ́ta. Ẹ ó rí ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, owó kámẹ́rà náà tó ra ilẹ̀ nígboro. Ó ní dúróònù. Ó ní iná fótò mẹ́ta. Ó dé ìdí àtẹ, ó ní kí wọ́n fún òun ní káàdì rídà. Ọlọ́jà dárúkọ iye kan tí kò tó owó abọ́ iyán pẹ̀lú ẹran, ni ọ̀gá bá lanu: "Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ máa gbà gan-an?" Kò jẹ̀bi púpọ̀. Kámẹ́rà ni wọ́n ń rí lóde. Kò sí alága ìdúró tí yóò dá orin dúró kó lè ki rídà.

Káàdì SD tó wà nínú kámẹ́rà yẹn kì í ṣe ọmọ àná. Ní 1999 ni SanDisk, Panasonic àti Toshiba jọ gbé e jáde. SDHC tẹ̀ lé e ní 2006, kò gbà ju 32GB lọ. SDXC dé ní 2009, òun lè gbà tó 2TB. Wọ́n jọra bí ìbejì, ihò kan náà ni wọ́n ń wọ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Rídà àtijọ́ tí òye rẹ̀ mọ sórí SDHC yóò gba káàdì 128GB sẹ́nu, kò ní lè kà á. Kọ̀ǹpútà yóò wá béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bóyá kí òun fọ́ọ̀mátì rẹ̀. Mo mọ ọmọṣẹ́ kan tó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti kọ́ ọ nílé pé kò dáa kéèyàn máa já àgbà níyàn.

Ká tiẹ̀ ní rídà náà mọ̀ ọ́n kà. Púpọ̀ nínú àwọn tó pọ́ọ́kú ṣì ń lo USB 2.0, ohun tó ti wà láti ọdún 2000. Bí 30 sí 40MB ló ń gbé kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí káàdì 128GB bá kún dẹ́nu, ẹ ó jókòó tì í fún bíi wákàtí kan. USB 3.0, tó jáde ní 2008, lè kó ẹrù yẹn láàárín bíi ìṣẹ́jú 25 bí káàdì fúnra rẹ̀ bá ń sáré tó 90MB. Ẹni tó ń gbé níbi tí iná kì í ti í lọ lè máa fi ìyàtọ̀ yẹn ṣàwàdà. Ní tiwa, iná ti lọ láti àárọ̀, bátìrì láptọ́ọ̀pù ku ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìlà aláwọ̀ ewé tó ń fi iṣẹ́ hàn dúró sójú kan, ìyá ìyàwó sì wà lórí fóònù.

"Ọmọ mi, fótò dà?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó ń lọ́ọ̀dù."

Àwọn kan wà tó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọgbọ́n náà sì tún ṣì wọ́n lọ́nà. Wọ́n ra rídà UHS-II, èyí tí ìlà irin méjì wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ṣe kó lè sáré dé 312MB. Wọ́n wá kì í bọ ojú USB dúdú lára láptọ́ọ̀pù àlòkù. Ojú búlúù, ibi tí eré wà, ń bẹ lódì kejì. Fóònù ni wọ́n fi ń ṣáàjì níbẹ̀. Ẹlòmíràn ra rídà ẹlẹ́nu púpọ̀ nítorí pé ó ń ka oríṣiríṣi káàdì. Ẹnu kan wà fún Memory Stick tí Sony ṣe ní 1998, òmíràn fún xD ti Olympus àti Fujifilm ní 2002. Ta ló ṣì ní xD ní Adó? Ẹnu SD tí ọ̀gá fẹ́ lò ló ń yẹ̀ gẹ̀gẹ̀.

N kò bá àwọn àgbà jà. Ẹni tó ń jẹun ni wọ́n ń sọ, iyán tó bá sì lẹ̀ mọ́ ewé, a lè fi ìka ha á. Fáìlì kò ṣe é ha. Fídíò tí iná já gbà lọ́wọ́ wa níbi tó dé ìdajì lè má ṣí rárá, a ò sì lè ní kí ọkọ ìyàwó padà wá dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọgbà tó wà ní Fájuyì yẹn, Adékúnlé Fájuyì ni wọ́n fi sọrí rẹ̀, ọmọ Adó tó bá àlejò rẹ̀ kú ní Ìbàdàn lóṣù Keje 1966. Ojú ń tini kéèyàn dúró lẹ́bàá rẹ̀ kó máa ná rídà tí kò lè dúró ti ẹrù ẹlẹ́rù fún wákàtí kan.

Ohun tó ṣiṣẹ́ ni kéèyàn gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ dání lọ sọ́jà, kó mú káàdì tó ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn, kó kó fídíò ńlá kan kọjá níṣojú ọlọ́jà, kó sì máa wo aago. Ọlọ́jà á kọ́kọ́ bínú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò fọkàn tán mi ni?" Ẹ má dá a lóhùn, ẹ máa wo aago. Tó bá pẹ́ díẹ̀ tí ìlà kò sún, á wolẹ̀, á fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ yọ, á mú òmíràn tó wà nínú páálí rẹ̀ jáde, owó rẹ̀ sì lé ní ìlọ́po mẹ́ta.

"Ẹ ò tètè sọ pé ẹ mọ̀ ọ́n ni."